Mikhail Botvinnik àti Ọ̀mì Varna

Kì í ṣe ọjọ́ tí ọ̀ta ń jẹ ni a ń mọ̀ ọ́n, bí kò ṣe ọjọ́ tí ọwọ́ ọmọdé fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Mikhail Botvinnik, ọ̀ta ayò ṣẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ Soviet.

Ní ọdún 1911 ni wọ́n bí i ní Kuokkala, ní ilẹ̀ Finland tí ó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí ó kọ́ ayò náà. Ní 1925, Capablanca, ọ̀ta àgbáyé, ń bá ọ̀pọ̀ ènìyàn ta lẹ́ẹ̀kan náà ní Leningrad. Botvinnik wà lára àwọn tí ó jẹ ẹ́. Ó di ẹnjiníà iná mànàmáná, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní 1948 ni ó gba adé àgbáyé. Smyslov gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1957, Tal gbà á ní 1960. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni ó gbà á padà lọ́dún kejì.

Adé yìí wà lórí rẹ̀ ní 1962 nígbà tí ó pàdé Bobby Fischer ará Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 19, níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè ní Varna, ní Bulgaria. Fischer mú dúdú, ó sì fi ọ̀nà Grünfeld bẹ̀rẹ̀: dúdú yóò fi àárín pátákó sílẹ̀ fún funfun, lẹ́yìn náà ni yóò máa gbógun tì í. Botvinnik ti yẹ ọ̀nà yìí wò dáadáa nílé. Àṣé ó ku ibìkan: ní ìgbésẹ̀ 17, Fischer fi ayaba rẹ̀ jẹ ọmọ kan tí Botvinnik kò rò pé ó ṣe é jẹ. Ọ̀ta wọ gàù.

Nígbà tí wọ́n dá ayò dúró di ọjọ́ kejì, Fischer ló ń lé iwájú. Botvinnik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi òru wá ọ̀nà. Geller ló rí i. Ní ìgbésẹ̀ 68, wọ́n gbà pé ọ̀mì ni. Àwọn méjèèjì kò tún bá ara wọn ta mọ́.

Fischer kọ ọ́ sínú ìwé pé òun ì bá ti jẹ. Botvinnik gbé e fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ayò rẹ̀. Kasparov, tí ó ṣì kéré, ló rí èsì.

Petrosian gba adé náà ní 1963. Botvinnik kú ní 1995.

Ẹlòmíràn lè ní orí ẹni ẹlẹ́ni ló gbà á là ní Varna. Ní tèmi, ọ̀ta tí kò tijú láti gba ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ àti ọmọdé ni ọ̀ta tòótọ́. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ rántí rẹ̀ nígbà tí ìwé bá le.