Hattie McDaniel: Òṣèré tí wọ́n fẹ́ lé kúrò nínú ilé tó fowó ara rẹ̀ rà

Ìtàn òṣèré Amẹ́ríkà kan la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹni tó bá ti ra ilé nílùú onílùú rí, kó fọkàn bá wa lọ.

Ọdún 1893 ni wọ́n bí Hattie McDaniel ní Wichita, ìpínlẹ̀ Kansas. Oko ẹrú ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ó sì jagun nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Nínú ọmọ 13, Hattie ni àbígbẹ̀yìn. Denver ló dàgbà sí, orin ló sì fi ń jẹun kiri láti ìlú dé ìlú.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀ ní 1929, iṣẹ́ orin dáwọ́ dúró. Ní Milwaukee, iṣẹ́ tó rí ni kó máa tọ́jú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin nílé fàájì kan. Nígbà tó yá, wọ́n ní kó wá kọrin, ló bá di olórin wọn níbẹ̀.

Ní 1931, ó kó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Los Angeles. Owó fíìmù kò tó jẹun, ló bá ń ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ mọ́ ọn. Ṣé ẹ rí i, nínú fíìmù, ọmọ ọ̀dọ̀. Nílé olówó, ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn aláwọ̀ dúdú kan tiẹ̀ bínú sí i pé kò ṣe ipa mìíràn, àmọ́ ta ló fún un ní òmíràn?

Ipa ọmọ ọ̀dọ̀ náà ló ṣe nínú Gone with the Wind ní 1939. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù ọ̀hún hàn ní Atlanta, kò lè lọ, torí òfin ìyàsọ́tọ̀ ibẹ̀. Ní February 29, 1940, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba Oscar. Síbẹ̀, tábìlì ọ̀tọ̀ lẹ́bàá ògiri ni wọ́n fi í sí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, ó ra ilé ńlá ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Sugar Hill. Làwọn aláwọ̀ funfun kan níbẹ̀ bá gbé òun àtàwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ sí kóòtù, pé ìwé àdéhùn àdúgbò kò gbà kí aláwọ̀ dúdú gbé ibẹ̀. Hattie kò sá, kò sì dá ẹjọ́ náà jà. Ó kó àwọn tọ́rọ̀ kàn jọ sílé rẹ̀, wọ́n ṣèpàdé, Loren Miller sì ṣe lọ́yà wọn. Ní December 1945, Adájọ́ Thurmond Clarke da ẹjọ́ náà nù. Ní 1948, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní kóòtù kankan kò gbọ́dọ̀ fi irú ìwé àdéhùn bẹ́ẹ̀ lé ẹnikẹ́ni mọ́.

Jẹjẹrẹ ọmú ló pa á ní October 26, 1952. Itẹ́ òkú Hollywood ló fẹ́ kí wọ́n sin òun sí, wọ́n kọ̀, torí àwọ̀ rẹ̀. Ọdún 1999 ni wọ́n tó gbé òkúta ìrántí rẹ̀ síbẹ̀.

Itẹ́ òkú kọ̀ ọ́, hòtẹ́ẹ̀lì yà á sọ́tọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó rí i lé kúrò ní Sugar Hill. Ibẹ̀ ló ti rí èèyàn bá a dúró. Ẹ̀yin ará wa, ẹ má fi ìpàdé ẹgbẹ́ ṣeré o.