Abraham-Louis Breguet

Abraham-Louis Breguet (10 Oṣù Kìíní 1747 – 17 Oṣù Kẹsàn-án 1823) jẹ́ oníṣẹ́ aago tí wọ́n bí ní Neuchâtel, ìlú tó wà ní Switzerland òde òní. Ní 1775, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Paris.

Láyé ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni olówó ń fi kọ́kọ́rọ́ yí aago àpò rẹ̀; bí ó bá gbàgbé, aago á dúró. Ní nǹkan bíi 1780, Breguet ṣe èyí tí ìrìn ẹni tó gbé e sápò ń yí spíríǹgì rẹ̀. Àwọn mìíràn ti gbìyànjú rẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ló ṣeé gbọ́kàn lé: bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, ó lè ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 60.

Ní 1783, wọ́n ní kí ó ṣe irú rẹ̀ fún Marie-Antoinette, ayaba Faransé, láìka iye owó sí. Ní 1793, nígbà ìdìtẹ̀ ńlá ilẹ̀ Faransé, Breguet sá kúrò ní Paris. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n bẹ́ ayaba lórí. Ó padà ní 1795. Aago náà kò parí títí di 1827, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú òun fúnra rẹ̀. Olè jí i ní Jerúsálẹ́mù ní 1983, ó sì di 2007 kí aráyé tó gbọ́ pé wọ́n ti rí i.