Rex Lawson ọmọ Buguma, àti ẹ̀rọ oní-fáàfù tó mọ ohùn rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tó wà lájò, ẹni tó bá ti lo ọdún kan péré ní Port Harcourt á ti gbọ́ orin Rex Lawson, bí kò tilẹ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́. Bí wọ́n bá ń ṣe òkú àgbà ní Diobu tàbí ní Borokiri, orin rẹ̀ ni wọ́n fi máa ń gbé àwọn arúgbó dìde lórí àga. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà ń jó o láìmọ̀, torí Sawale tí ọkùnrin yìí kọ ni Flavour tún ṣe tó di Ashawo tí wọ́n ń jó káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ pé orí fóònù nìkan ló ti gbọ́ ọ, mo lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ pé kò tíì gbọ́ Rex Lawson rárá.

Buguma, ìlú àwọn Kalabari láàárín omi, ni ìlú rẹ̀. Àwọn ọdún 1930 ni wọ́n bí i. Kalabari ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ígbò ni ìyá rẹ̀. Erekosima ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ tó ṣáájú rẹ̀ wá sáyé kò dúró, ìtumọ̀ tí wọ́n sì ń fún orúkọ náà ni pé kí wọ́n má sọ èyí lórúkọ. Ọmọ Yorùbá kankan ò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Àwa náà ní Málọmọ́, a ní Kòkúmọ́, a ní Dúrójayé. Ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù àtisọ lórúkọ ló wá di ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò lóǹkà: Erekosima, Jim, Rex, Lawson. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn tún fi Cardinal lé e.

Port Harcourt níbí ló ti bẹ̀rẹ̀ orin, nínú ẹgbẹ́ Lord Eddyson tí wọ́n ń pè ní Starlite Melody Orchestra. Fèrè túrọ́ńpẹ́ẹ̀tì ló yàn láàyò. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá nínú highlife, Èkó àti Ìbàdàn ni ọ̀nà rẹ̀ já sí. Bí àwa ṣe di ẹrù wá síbí láti wá jẹun, bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe gbé fèrè rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ tiwa. Ó fun fèrè fún Bobby Benson ọmọ Ìkòròdú, ó fun ún fún Victor Ọláìyá, ó fun ún fún Chris Ajilo, ó sì dé ọ̀dọ̀ Roy Chicago ọmọ Ìkàrẹ́-Àkókó, ọkùnrin tó gbé gángan wọ inú highlife.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ti Ọláìyá. Ìjẹ̀ṣà-Ìsù ní Èkìtì ni ilé bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Calabar ni wọ́n bí i sí, ní 1930. Ọmọ àlejò bíi tiwa ni. Ọmọ Èkìtì tí wọ́n bí sí Calabar ló wá di ọ̀gá fún ọmọ Kalabari tó wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bá yín fa wàhálà lọ́jà pé kí ẹ padà sílùú yín, ẹ bá mi sọ ìtàn yẹn fún un.

Nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lára, Lawson dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, ó pè é ní Mayors Dance Band. Ìgbà yẹn ni Sawale jáde, àti Jolly Papa, àti Love Mu Adure. Ó ń kọrin ní Kalabari, ó ń kọ ọ́ ní Ígbò, ní Ẹ́fíìkì àti ní Píjìn, kò sí ẹ̀yà tí kò rí tiẹ̀ níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ jù. Kì í ṣe ohùn tó mọ́ gaara bíi ti ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó há díẹ̀ lọ́fun, ó sì máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ẹkún ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ẹkún náà kì í ṣe ẹ̀tàn, torí àwọn tó wòran rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé omi ń bọ́ lójú ọkùnrin yìí lórí ìtàgé tó bá ń kọrin lọ.

Láyé ìgbà yẹn, gílásì ló ń gbé ohùn jáde nílẹ̀ wa. Fáàfù là ń wí. Òun ni Àyìndé Bákárè gbójú lé ní 1949 nígbà tó kọ́kọ́ fi iná mọ̀nàmọ́ná sí gìtá nínú orin jùjú. Ó di dandan kó fi bánjò kékeré tó ń ta tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, torí kò sí ibi tí wọ́n lè so ẹ̀rọ náà mọ́ lára rẹ̀. Nínú pálọ̀ àwọn olówó àti àwọn tíṣà, rédíógíráàmù ni, pósí ńlá onígi. Ẹni tó bá dàgbà díẹ̀ á rántí pé tí wọ́n bá tàn án, kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ gbóná. Philips ló ń gbé àwo Lawson jáde. Ilé iṣẹ́ Philips ti Netherlands yẹn kan náà ló tún ṣe fáàfù EL34 àti EL84 tí wọ́n ṣì ń lò nínú ámpílífáyà títí dòní. Ẹni tó ṣe àwo ló ṣe gílásì tó ń kọ ọ́ jáde.

Ogun dé. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kàrún-ún ọdún 1967, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje. Lawson yí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ padà, ó di Rivers Men, ó sì kọ Gowon Special. Ogun parí ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1970. Ọdún kan àti ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 1971, ó ń lọ ṣeré ní Warri, ọkọ̀ sì pa á lójú ọ̀nà. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ogun ò pa á, títì ló pa á.

Ohun tó fi sílẹ̀ fún wa kò ju àwo lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń da ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin àtijọ́ láàmú pé kí ẹ wá ẹ̀rọ gidi. Fáàfù jẹ́ gílásì tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, tí okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ ń pọ́n bí ẹyin iná. Bí ohùn bá ju agbára ẹ̀rọ tiransísítọ̀ lọ, ńṣe ló máa ń gé e bí ẹni fi àdá gé e. Ti fáàfù máa ń rọra tẹ orí rẹ̀ ba ni. Fèrè inú àwo àtijọ́, tó máa ń gún ni létí lórí ẹ̀rọ pọ́ọ́kú, á wá sanra, ohùn olórin á sì bọ́ síwájú bí ẹni pé ó wà nínú pálọ̀ yín. Àwọn kan ń jiyàn pé fáàfù ń fi adùn tí kò sí nínú àwo kún un. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n adùn yẹn náà ló wà nínú pálọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ra àwo ọ̀hún, kò sì bí mi nínú.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wáàtì tàn yín jẹ. Wọ́n á lẹ 5000 mọ́ ara àpótí ṣíṣù. EL84 kan ṣoṣo ò fún yín ju nǹkan bíi wáàtì 5 lọ, méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ á fún yín ní bíi 10 sí 15, ó sì tó pálọ̀, tí sípíkà yín bá jẹ́ èyí tí kì í fi agbára ṣòfò. Ẹ wò ó lára sípíkà, kó jẹ́ 90 dB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e wò. Ámpílífáyà oní-fáàfù gidi máa ń wúwo, nítorí irin tiransifọ́mà inú rẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ bíi páálí, tí gílásì rẹ̀ sì ń tàn búlúù, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀. Fáàfù kì í tàn búlúù láti ìsàlẹ̀ bí iná Kérésì, wọ́n fi iná kékeré sábẹ́ rẹ̀ ni.

Èmi gan-an ti jìyà ẹ̀. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni mo rà, ó rẹwà, mo sì sáré kì í bọ iná. Iná tiwọn ò ju nǹkan bíi 120 lọ, tiwa jẹ́ 240. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lára súwíìṣì, èéfín ti dé àjà. Ẹni tó tà á ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò bèèrè. Owó oṣù méjì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má sì tàn án láé láìso sípíkà mọ́ ọn, tiransifọ́mà rẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹ má ṣí inú rẹ̀ fúnra yín: iná tó ju 300 fóòtì lè ṣì ṣẹ́ kù síbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Ó ń gbóná, nítorí náà ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé ò ti lè tó o, kí ẹ má sì da aṣọ bò ó nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Fún àwa tá a wà ní Port Harcourt níbí, tí èéfín dúdú ti ń balẹ̀ sórí gbogbo nǹkan láti bíi ọdún 2016, aṣọ ṣe pàtàkì tó bá ti tutù, torí èérí yẹn máa ń wọ ibi tí ẹsẹ̀ fáàfù bọ́ sí, ohùn á sì máa ta pàrà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́, tí iná bá wà, mo máa ń tan tèmi, èyí tí mo rà lẹ́ẹ̀kejì. Mo máa ń jẹ́ kó gbóná fún bíi ogún ìṣẹ́jú kí n tó gbé àwo lé e. Onílé mi, àgbà Kalabari, ti mọ àkókò náà. Kí n tó fi abẹ́rẹ́ kan àwo, Daddy á ti gbé àga wọn wá sẹ́nu ọ̀nà mi, wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í bèèrè owó ilé. Tí wọ́n bá gbọ́ Love Mu Adure tán, wọ́n á fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí n dá a padà síbẹ̀rẹ̀.