John Moses Browning

John Moses Browning (ọjọ́ 23 oṣù kìíní, ọdún 1855 – ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá, ọdún 1926) jẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn àti olùhùmọ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìwé-ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ 128 ni ó gbà lórí àwọn ohun tí ó dá. Òun ni ó ṣe Auto-5, ìbọn ọdẹ àkọ́kọ́ tí ń ki ara rẹ̀ tí ó ṣe é lò dáadáa tí ó sì tà káàkiri àgbáyé. Ìbọn arọ̀jò-ọta àti ìbọn ìléwọ́ tí ó hùmọ̀ tún di ohun ìjà fún ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ní ọ̀rúndún ogún.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Ogden, ní agbègbè Utah, ni a bí Browning sí. Jonathan Browning, bàbá rẹ̀, jẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn àti ọmọ ìjọ Mormon. Ó dé Utah ní ọdún 1852 pẹ̀lú àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò ti sin Ọlọ́run láìsí ìdíwọ́. Ìyàwó mẹ́ta ni Jonathan fẹ́, ọmọ 22 ni wọ́n sì bí fún un. Elizabeth Clark ni orúkọ ìyá John.

Inú ilé ìṣẹ̀dá bàbá rẹ̀ ni John ti kọ́ iṣẹ́. Àwọn ènìyàn a máa gbé ìbọn tí ó ti bàjẹ́ wá fún àtúnṣe, ọmọ náà a sì máa wo ibi tí irin ti jẹ, ibi tí sipíríńgì ti rọ̀, àti ìdí tí ìbọn kan fi kọ̀ tí kò yìn. Kí ó tó pé ọmọ ọdún 15 ni ó ti fi àfọ́kù irin ṣe ìbọn tirẹ̀. Ní ọdún 1879, ọdún tí ó gbé Rachel Child níyàwó tí bàbá rẹ̀ sì kú, ó gba ìwé-ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ lórí ìbọn tí ń gba kátíríìjì kan ṣoṣo. Òun àti Matthew, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, pẹ̀lú àwọn ọbàkan wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbọn náà fún títà ní Ogden.

Iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú Winchester

Ní ọdún 1883, T. G. Bennett, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Winchester, rin ìrìn-àjò lọ sí Ogden, ó sì ra ẹ̀tọ́ ìbọn náà ní 8,000 dọ́là. Láti ìgbà náà, fún nǹkan bí ogún ọdún, bí Browning bá ti hùmọ̀ ìbọn tuntun, Winchester ni yóò rà á. Owó gidi kan ni wọn yóò san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀tọ́ ìbọn náà yóò sì di ti ilé-iṣẹ́ títí láé. Báyìí ni ìbọn ọdún 1886, ti 1892, ti 1894 àti ìbọn ọdẹ pump-action ti 1897 ṣe jáde. Orúkọ Winchester ni ó wà lára gbogbo wọn.

Ní ọdún 1889, Browning kíyè sí i pé afẹ́fẹ́ tí ó ń jáde lẹ́nu ìbọn ń tẹ koríko iwájú rẹ̀ ba. Ó rí i pé agbára ń ṣòfò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí ìbọn yóò fi lo agbára ara rẹ̀ láti ki ara rẹ̀. Láti inú àkíyèsí yìí ni ìbọn arọ̀jò-ọta Colt ti ọdún 1895 ti wá.

Auto-5 àti ìtọ́jú rẹ̀

Ẹni tí ó bá mọ ìbọn ṣakabùlà yóò tètè mọ bí iṣẹ́ Browning ti tó. Ọdẹ oníṣakabùlà ní láti da ẹ̀tù sí ẹnu ìbọn, kí ó fi ọ̀pá gún un, kí ó kó ọta sí i, kí ó tó lè yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Auto-5 ń yìn ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún kí a tó tún un ki: kátíríìjì mẹ́rin nínú ọpọ́n ìsàlẹ̀, ọ̀kan nínú ọ̀pá ìbọn. Ní gbogbo ìgbà tí ọdẹ bá fa á, ìbọn kan ni yóò dún.

Agbára tí ìbọn fi ń ta padà sí èjìká ni ó ń ṣiṣẹ́ náà. Bí ìbọn bá ti dún, ọ̀pá rẹ̀ àti irin tí ó dí i lẹ́yìn yóò jọ sún sẹ́yìn pọ̀. Irin náà yóò dúró sẹ́yìn, sipíríńgì yóò ti ọ̀pá padà síwájú, èèpo kátíríìjì tí ó ti jó yóò fò jáde, kátíríìjì tuntun yóò gòkè, irin yóò sì padà wá dí ẹ̀yìn ọ̀pá.

Níwọ̀n bí agbára kátíríìjì kò ti dọ́gba, Browning fi òrùka irin sí ara ọpọ́n ìsàlẹ̀ láti máa dá ọ̀pá dúró díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó ni ìbọn ni yóò to òrùka náà bí kátíríìjì tí ó fẹ́ lò bá ti rí. Bí ó bá tò ó fún kátíríìjì fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wá yìn èyí tí ó lágbára, irin yóò máa gbá irin, igi ìdí ìbọn sì lè là. Bí ó bá tò ó ní òdì kejì, ọ̀pá kò ní sún dé ibi tí ó yẹ, ìbọn yóò sì há. Epo pàápàá ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, òrùka yóò máa yọ̀. Bí ibẹ̀ bá sì gbẹ táútáú, yóò há. Fún ìdí èyí, ẹni tí kò bá mọ ìtọ́jú Auto-5 a máa sọ pé ìbọn náà kò dára, nígbà tí ó jẹ́ pé òrùka ni kò tò dáadáa.

Ìyapa pẹ̀lú Winchester

Browning gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí ìbọn yìí ní ọdún 1900. Ó mọ iye ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun, kò sì fẹ́ tà á pátápátá bí ti àtẹ̀yìnwá. Ó ní kí Winchester máa san ìdá kan fún òun lórí ìbọn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá tà. Winchester kọ̀, àjọṣe wọn sì parí ní ọdún 1902.

Browning mú ìbọn náà lọ bá Marcellus Hartley, olórí ilé-iṣẹ́ Remington. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní, ọdún 1902, níbi tí ó ti ń dúró láti rí i, ìròyìn dé pé Hartley ti kú lójijì. Browning wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Bẹ́ljíọ̀mù, ó sì bá ilé-iṣẹ́ Fabrique Nationale (FN) ní Herstal ṣe àdéhùn tí ó fún un ní ìdá tirẹ̀. Nígbà tí ó yá, Remington náà gba àṣẹ láti máa ṣe é ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1905. Ní ti Winchester, ìwé-ẹ̀tọ́ Browning ká wọn lọ́wọ́ kò. Ọdún 1911 ni wọ́n tó mú irú tiwọn jáde. Auto-5 tí a ṣe títí di òpin ọ̀rúndún ogún lé ní mílíọ̀nù 2.

Láti inú igbó dé ojú ogun

Ọdẹ ni Browning ní lọ́kàn nígbà tí ó ṣe ìbọn ọdẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ológun tún wọn ṣe fún ìlò mìíràn. Nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà gé ọ̀pá ìbọn pump-action ti 1897 kúrú, wọ́n fi irin oníhò bò ó kí ó má baà jó wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe ibi tí a ti lè fi ọ̀bẹ sí i lẹ́nu. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, Jámánì fi ẹ̀hónú hàn pé ìbọn náà ń fi ìyà tí kò pọn dandan jẹ ènìyàn. Amẹ́ríkà kò gbà. Láàárín ọdún 1948 sí 1960, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lo Auto-5 nínú igbó Màláyà. Láti inú irú àtúnṣe wọ̀nyí ni àwọn ìbọn ọdẹ olówó-ogun òde òní, tí ọ̀pá wọn kúrú, ti ṣẹ̀ wá.

Ìbọn ìléwọ́ tí Browning ṣe fún FN ni a fi pa Franz Ferdinand, àrólé ìtẹ́ Ọ́stríà òun Họ́ngárì ti Yúróòpù, ní Sarajevo ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà, ọdún 1914. Ikú náà ni ó tanná ran Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun náà ní ọdún 1917, Browning gba 750,000 dọ́là lọ́wọ́ ìjọba lórí àwọn ìbọn rẹ̀, owó tí ó kéré púpọ̀ sí ìdá tí ì bá gbà. Ẹni tí ó torí ìdá yapa pẹ̀lú Winchester kò bá orílẹ̀-èdè rẹ̀ dúnàá-dúrà.

Ikú rẹ̀

Àìsàn ọkàn ni ó pa Browning nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ FN ní Herstal, níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìbọn tuntun. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà sí Ogden. Val, ọmọ rẹ̀, ni ó parí ìbọn ọdẹ ọlọ́pàá méjì tí ó fi sílẹ̀, nígbà tí Dieudonné Saive parí ìbọn ìléwọ́ Hi-Power ní ọdún 1935. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà ní Ogden fún ìrántí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìhùmọ̀ rẹ̀ àti òfin Nàìjíríà

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: èyí tí a kà léèwọ̀, èyí tí ẹni kọ̀ọ̀kan lè gba ìwé àṣẹ fún, àti èyí tí a ń ki láti ẹnu bíi ṣakabùlà. Òfin náà ka ìbọn ọdẹ mọ́ ọ̀wọ́ kejì, ṣùgbọ́n ó yọ èyí tí ń ki ara rẹ̀ àti èyí tí ó ní ẹ̀rọ ìkì kúrò nínú rẹ̀. Ìbọn pump-action sì wà lára èyí tí a kà léèwọ̀. Nítorí náà, ọdẹ tí ó wà ní Likosi, ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Ṣàgámù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ lè gba ìwé àṣẹ fún ṣakabùlà tàbí fún ìbọn ọdẹ tí a ń fi ọwọ́ ki, ṣùgbọ́n Auto-5 kò sí lára ohun tí ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ gbà láàyè.