Ta ni Colin Chapman, ẹni tó fẹ́ kí ọkọ̀ fúyẹ́ ju ti gbogbo ayé lọ?

Ní ELWA Junction, ní agbègbè Paynesville tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Monrovia, olú ìlú Liberia, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í sinmi.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà tó ń bọ̀ láti Sinkor àti Congo Town ti pín sí méjì, tí ọ̀kan forí lé Red Light, tí èkejì sì gba ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Roberts lọ. Takisí, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti alùpùpù tí àwọn ará Liberia ń pè ní pen-pen ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ náà jẹ́ irú èyí tí à ń pè ní tòkunbọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ iwájú wọn, ohun kan náà ni yóò máa rí lára púpọ̀ wọn: ṣọ́ọ̀kù kan tó nàró, tí sípíríǹgì sì wé mọ́ ọn.

Earle MacPherson, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ láàárín ọdún 1940 sí 1950. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ló mú irú ṣọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ eré ìje. Ohun tó mọ̀ nípa ẹsẹ̀ ọkọ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gé sípíríǹgì ọkọ̀ wọn kúrú lónìí kò tíì mọ̀ ọ́n. Colin Chapman ni orúkọ rẹ̀.

Ọkọ̀ àlòkù tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́

Ọjọ́ 19, oṣù Kárùn-ún, ọdún 1928 ni wọ́n bí Anthony Colin Bruce Chapman ní Richmond, nítòsí London. Hornsey, ní àríwá ìlú náà, ló dàgbà sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń bójú tó ilé ọtí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Railway Hotel.

University College London ló ti kàwé, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́ nípa ọkọ̀ ló lọ kà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ nípa bí afárá àti òrùlé ilé ńlá ṣe ń gbé ẹrù dúró láìwó ni. Títí tó fi kú, ojú afárá ni Chapman fi ń wo ọkọ̀: irin wo ló ń gbé ẹrù, irin wo ló sì jẹ́ ẹrù fún àwọn yòókù?

Kò fi gbogbo ọkàn sí ìwé rẹ̀. Ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàálù, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sì ń ta ọkọ̀ àlòkù. Ìdánwò ìṣirò gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀kan kí ó tó padà lọ ṣe é yege.

Òwò ọkọ̀ náà dojú rú ní ìparí ọdún 1947, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń pín fún ìrìn-àjò ara ẹni dúró. Ta ni yóò ra ọkọ̀ tí kò ní rí epo rà sí? Owó ọkọ̀ já wálẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin náà pàdánù, ohun tó sì ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ ni Austin Seven ògbólógbòó kan.

Gáréèjì tó wà lẹ́yìn ilé àwọn òbí ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Hazel Williams, ló ti tú Austin náà palẹ̀, tó sì tún un kọ́. Ọdún 1948 ni ọkọ̀ náà jáde, ó sì pè é ní Lotus.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń sáré kọjá lórí Hazel. Òun ló yọ £25 tí wọ́n fi dá iléeṣẹ́ Lotus sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1952, nínú ilé ẹṣin àtijọ́ kan lẹ́yìn Railway Hotel. Ọdún 1954 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ní gbogbo àsìkò yìí, Chapman ṣì ń ṣiṣẹ́ olówó oṣù ní iléeṣẹ́ British Aluminium. Alẹ́ àti òpin ọ̀sẹ̀ ló fi ń kọ́ ọkọ̀.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo fún iṣẹ́ àti fún eré ìje

Àwọn oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe olówó ńlá. Lotus Mark VI tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì tò pọ̀. Wọ́n á kó irin àti ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ sílé, wọ́n á sì fi ọwọ́ ara wọn tò ó. Owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọkọ̀ tuntun kò kan ẹni tó ra ẹ̀yà ara ọkọ̀.

Ẹni tó bá tò ó tán á máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, á wà á lọ sí Silverstone tàbí Goodwood, tí àwọn méjèèjì jẹ́ pápákọ̀ òfurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, á bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díje, á sì tún wà á padà sílé. Lotus Seven tó jáde ní ọdún 1957 tẹ̀lé ọ̀nà kan náà. Iléeṣẹ́ Caterham, tó ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1973, ṣì ń kọ́ ọ títí di òní.

Ọkọ̀ tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ méjì bẹ́ẹ̀ ń sin ọ̀gá méjì. Lójú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ eré ìje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ le gbagidi kó tó lè dúró ní kọ́nà. Sípíríǹgì líle ni wọ́n ń fi sí i, nígbà tí ṣáásì, ìyẹn egungun ọkọ̀ náà, máa ń rọ̀. Chapman yí ọ̀rọ̀ po: ó to àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ pọ̀ ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta bí irin òrùlé kí egungun náà lè le, ó sì jẹ́ kí sípíríǹgì rọ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Táyà nìkan ló so ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ti fara kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Táyà tó bá wà lófuurufú, bó ti wù kó kéré mọ, kò lè yà, bíréèkì rẹ̀ kò sì wúlò. Bí sípíríǹgì bá le jù, tí ọkọ̀ já sínú kòtò ní ELWA Junction tàbí tó gun etí kọ́nà ní Silverstone, ńṣe ni táyà yóò ta sókè. Bó bá rọ̀ tó, táyà yóò tẹ̀lé ilẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣe rí.

Àmọ́ sípíríǹgì rírọ̀ nìkan á mú kí ọkọ̀ máa jó bí ọkọ̀ ojú omi lórí ìgbì. Ṣọ́ọ̀kù ló ń dá ijó náà dúró. Chapman fi ṣọ́ọ̀kù tó lágbára sí i, ó fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ láyè tó gùn láti lọ sókè sódò, lẹ́yìn náà ló wá gé ìwúwo kúrò níbi gbogbo tó bá ṣeé gé. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ kò nílò sípíríǹgì líle láti gbé e dúró.

Lotus Elan, tó jáde ní ọdún 1962, ni ẹ̀rí tó dára jù lọ. Kò tó 700 kílógíráàmù, nígbà tí Toyota Corolla òde òní kọjá 1,200. Èèyàn lè jókòó sínú rẹ̀ rìnrìn-àjò jíjìn láìsí pé ẹ̀yìn ń ro ó, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń fi àwọn ọkọ̀ tó lágbára jù ú lọ sẹ́yìn ní kọ́nà. Nígbà tí àwọn ará Japan ń ronú ọkọ̀ Mazda MX-5, tó jáde ní ọdún 1989, Elan ni wọ́n wò.

Kódà àwọn tó ń bá a díje wá ọgbọ́n lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1956, iléeṣẹ́ Vanwall pè é kó wá tún ṣáásì àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọn gbé kalẹ̀. Ní ọdún 1958, Vanwall gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé àkọ́kọ́ tí wọ́n fún àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ Formula One.

Ohun tí àwọn tó ń fi ọkọ̀ ara wọn sáré fún ìgbádùn ń ṣe títí di òní kò jìnnà sí ẹ̀kọ́ yìí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan sípíríǹgì, wọ́n á kọ́kọ́ pààrọ̀ búṣì tó ti gbó àti ṣọ́ọ̀kù tó ti ń jò, wọ́n á wo afẹ́fẹ́ inú táyà, wọ́n á sì lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì. Bí orí táyà iwájú bá tẹ̀ sínú díẹ̀, ọkọ̀ á di ilẹ̀ mú ní kọ́nà. Bó bá pọ̀ jù, etí inú táyà náà á tètè jẹ lójú títì. Ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì ní ìwọ̀n tirẹ̀ pẹ̀lú: bí ti iwájú bá le jù, ọkọ̀ kò ní fẹ́ yà, bí ti ẹ̀yìn bá le jù, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ ṣáájú orí.

Ní ti ẹni tó kàn gé sípíríǹgì kúrú, ó ti gba àyè tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń rìn kúrò. Ọkọ̀ rẹ̀ lè wuyì lójú, ṣùgbọ́n irin á máa lu irin ní gbogbo kòtò.

Lẹ́tà Jochen Rindt

Ohun tó fúyẹ́ kì í jìnnà sí ohun tó lè ṣẹ́, ibí yìí sì ni ìtàn Chapman ti di èyí tó wúwo láti sọ.

Ní ọdún 1960, ní Spa ní orílẹ̀-èdè Belgium, táyà kan yọ lára Lotus tí Stirling Moss ń wà nígbà ìdánrawò, ó sì ṣẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì. Ní ọjọ́ kan náà, ọ̀pá ìdarí Lotus mìíràn tí Mike Taylor ń wà dá, ìjàǹbá náà sì fòpin sí eré ìje rẹ̀.

Jim Clark, ọmọ Scotland tí Chapman fẹ́ràn bí ọmọ ìyá, gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé fún un ní ọdún 1963 àti 1965. Ọjọ́ 7, oṣù Kẹrin, ọdún 1968 ló kú sínú Lotus ní Hockenheim, ní Jámánì. Àwọn tó sún mọ́ Chapman gbà pé kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Lọ́dún náà ló gbé ìyẹ́ gíga ka orí ọkọ̀ Lotus 49, tó sì de òpó ìyẹ́ náà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ gan-an dípò ara rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè tẹ táyà mọ́lẹ̀ láìkọ́kọ́ gba orí sípíríǹgì. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ní Barcelona ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1969, ìyẹ́ ọkọ̀ Lotus méjèèjì ṣẹ́ nínú ìdíje kan náà, Graham Hill àti Jochen Rindt sì forí sọ irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbì kan náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn aláṣẹ fòfin de irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀.

Rindt, tó fara pa níbẹ̀, kọ lẹ́tà sí Chapman. Ó ní kó fi ìwúwo díẹ̀ kún àwọn ibi tí kò lágbára tó, nítorí pé òun kò lè wa ọkọ̀ tí ọkàn òun kò balẹ̀ sí.

Ọkọ̀ tuntun, Lotus 72, jáde ní ọdún 1970. Chapman àti Maurice Philippe gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ kí imú rẹ̀ má baà wọlẹ̀ bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, kí ìdí rẹ̀ má sì jókòó bó bá tẹ iná. Lórí ìwé, ó dára. Lójú pápá, àwọn awakọ̀ kò mọ ohun tí táyà ń ṣe mọ́. Wọ́n tú u, wọ́n sì tún un gbé kalẹ̀ láàárín sáà ìdíje. Lẹ́yìn náà ni Rindt borí ìdíje mẹ́rin léra wọn.

Ọjọ́ 5, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1970, Rindt kú ní Monza, ní Italy. Ọ̀pá tó so táyà iwájú mọ́ bíréèkì ni wọ́n gbà pé ó já. Kò sí ẹni tó lè bá àmì rẹ̀ títí ọdún fi parí, wọ́n sì gbé ife ẹ̀yẹ fún òkú.

Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru Chapman. Irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Monza kò rí bó ṣe yẹ, àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ mìíràn náà sì sin awakọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Rindt wà nílẹ̀.

Ọjọ́ kan ní oṣù Kejìlá

Lotus gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé fún àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ ní ìgbà 7 nígbà ayé Chapman. Ìkẹyìn wáyé ní ọdún 1978, nígbà tó sọ abẹ́ ọkọ̀ di ohun tí afẹ́fẹ́ fi ń fà á mọ́lẹ̀. Mario Andretti gba ife ẹ̀yẹ ti awakọ̀. Ẹnìkejì rẹ̀, Ronnie Peterson, kú lẹ́yìn ìjàǹbá ní Monza.

Ọgbọ́n tuntun yìí dá ìṣòro àtijọ́ padà. Kí afẹ́fẹ́ tó lè fa ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ, ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ sókè sódò. Sípíríǹgì wá le débi pé ara àwọn awakọ̀ ń gba lílù. Ọkùnrin tó ti ń wàásù sípíríǹgì rírọ̀ ti kọ́ ọkọ̀ tó le bí òkúta.

Ìdáhùn rẹ̀ ní ọdún 1981 ni Lotus 88, ọkọ̀ tó ní ara méjì: èyí tó wà lóde ń gba agbára afẹ́fẹ́ lọ sórí táyà, èyí tó wà nínú sì gbé awakọ̀ lórí sípíríǹgì rírọ̀. Àwọn tó ń bá a díje fẹ̀hónú hàn, wọ́n sì fòfin dè é kó tó díje rárá.

Ní àsìkò yìí kan náà, ẹjọ́ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lotus ló bá John DeLorean ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ lórí ọkọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi owó ńlá ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ní Northern Ireland, mílíọ̀nù dọ́là sì gba Switzerland lọ láìdé ibi iṣẹ́. Ní ọdún 1992, ilé ẹjọ́ rán Fred Bushell, tó ń bójú tó owó Lotus, lẹ́wọ̀n ọdún 3. Adájọ́ náà sọ pé bí Chapman bá wà láàyè, kò ní gbà tó dín ní ọdún 10.

Ọjọ́ 16, oṣù Kejìlá, ọdún 1982 ni àìsàn ọkàn pa á nílé rẹ̀ ní Norfolk, ní ẹni ọdún 54.

Ní ọjọ́ yẹn gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wà ní pápá Snetterton, wọ́n ń dán ọkọ̀ Formula One kan wò tí kọ̀ǹpútà àti epo alágbára ń gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè sódò dípò sípíríǹgì. Ọdún 1987 ni Ayrton Senna fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ borí ní Monaco, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn Formula One. Nígbà tó fi di ọdún 1994, wọ́n ti fòfin de òun náà.