Fridtjof Nansen àti Yìnyín Òkun Àríwá

Yìnyín tí ọmọ ilé-ìwé ní Ẹ̀rìn-Ilé mọ̀ ni èyí tí ó máa ń bá òjò já bọ́, tí ó sì ń yọ́ kí a tó ṣà á tán. Ṣùgbọ́n ní ìpẹ̀kun àríwá ayé, òkun pàápàá ni í dì bí òkúta, tí ènìyàn fi lè rìn lórí rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu kí ó lè mọ ìwà yìnyín náà ni Fridtjof Nansen.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹwàá ọdún 1861 ni a bí i nítòsí Kristiania, ìlú tí à ń pè ní Oslo lónìí, ní ilẹ̀ Nọ́wè. Ní ọdún 1888, òun àti àwọn márùn-ún mìíràn fi ẹsẹ̀ la àárín Greenland já, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tí ì ṣe rí.

Ṣáájú èyí, ní ọdún 1881, yìnyín ti fọ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Jeannette ní òkun àríwá Siberia. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, a rí àwọn ẹrù rẹ̀ ní etí òkun Greenland. Nansen ṣírò ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbà pé yìnyín kì í dúró lójú kan, àti pé ó lè gbé ọkọ̀ tí ó bá lágbára la òkun náà já. Ọ̀pọ̀ àgbà arìnrìn-àjò bẹnu àtẹ́ lu èrò yìí.

Nansen kò yẹsẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1893, òun àti àwọn méjìlá mìíràn wọ ọkọ̀ Fram. Nígbà tí yìnyín mú un, kò lè fọ́ ọ, nítorí pé ìdí rẹ̀ rí róbótó. Bí yìnyín ti ń fún un ni ó ń yọ sókè. Wọn a máa lu ihò sí yìnyín láti wọn bí ó ti nípọn tó. Yìnyín tí ó ti nípọn a máa dáàbò bo omi abẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òtútù, nítorí náà dídì rẹ̀ a máa falẹ̀. Ibi tí yìnyín bá ti kọlu ara wọn, tí wọ́n gun orí ara wọn, ni wọ́n ti ń nípọn jù.

Ìṣirò Nansen tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò pé. Ọkọ̀ náà rìn, ṣùgbọ́n kò ní gba òpin àríwá gan-an kọjá. Ní oṣù kẹta ọdún 1895, òun àti Hjalmar Johansen kó ajá, wọ́n sì fi ọkọ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n ti ń rìn lọ sí àríwá ni yìnyín abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ń gbé wọn padà sí gúúsù. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò tí ì dé rí ni wọ́n ti yí padà. Wọ́n lo ìgbà òtútù nínú ahéré òkúta, ẹran béárì sì ni oúnjẹ wọn. Ní ọdún 1896, àwọn àti Fram bọ́. Kò sí ẹnìkan tí ó kú nínú àwọn mẹ́tàlá.

Lẹ́yìn náà, Nansen ran àìmọye àwọn tí ogun lé kúrò nílé lọ́wọ́, a sì fún un ní ẹ̀bùn àlàáfíà ti Nobel ní ọdún 1922. Ó kú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù karùn-ún ọdún 1930.

Lónìí, kọ̀ǹpútà ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣírò yìnyín òkun. Wọ́n mọ̀ pé ó ń dínkù, ṣùgbọ́n bí ó ti nípọn tó ṣì ń da ìṣirò wọn rú. Sátẹ́láìtì ń wo òkè rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni ó wà lábẹ́ omi. Ọ̀pọ̀ ìṣirò kì í sì í fi yìnyín tí ó nípọn jù sí ibi tí ó wà gan-an, ní àríwá Kánádà àti Greenland. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ Jámánì kan, Polarstern, fi jẹ́ kí yìnyín mú òun ní ọdún 2019, gẹ́gẹ́ bí Fram, tí àwọn onímọ̀ inú rẹ̀ sì tún lu ihò sí yìnyín láti wọ̀n ọ́n. Ìròyìn kò tó àfojúbà: ìṣirò dára, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gbẹ́kẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ lọ wọn nǹkan náà wò.