Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta

Olùkọ́ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìdànrè, ní Oǹdó tàbí ní Àkúrẹ́, kí ó tó mọ orúkọ gbogbo ọmọ tí ó wà ní kíláàsì rẹ̀ ni yóò ti gbọ́ orúkọ Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní NUT. Ọdún 1931 ni a dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ààrẹ rẹ̀, tí ó sì wà ní ipò náà títí di ọdún 1954, kì í ṣe òṣèlú, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ni. Dáódù ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń pè é. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ àti ìtàn Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta sì ti wọnú ara wọn tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ó fi ṣòro láti sọ ọ̀kan kí a má kan èkejì.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1891 ni a bí Israel Olúdọ̀tun ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Bàbá rẹ̀ ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kútì, ajíhìnrere tí ó mọ orin kọ, tí ó sì ń fi orin Yorùbá fa àwọn ènìyàn wá sínú ìjọ Áńgílíkà. Nígbà tí bàbá náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sínú àwo, ó sì di ọ̀kan lára àwọn tí a kọ́kọ́ gba orin Yorùbá sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Inú ilé orin, àdúrà àti ìbáwí bẹ́ẹ̀ ni Israel ti gbọ́njú.

Ní ayé ìgbà náà, bí òbí bá fẹ́ kí ọmọ òun kàwé kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Èkó ni yóò rán an lọ. Níbẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gírámà ti ìjọ CMS wà, èyí tí Thomas Babington Macaulay, àna Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, dá sílẹ̀ ní ọdún 1859. Israel pẹ̀lú gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n àwọn Ẹ̀gbá ń ṣe ìjọba ara wọn nígbà náà, títí di ọdún 1914 tí òyìnbó fi gba ìjọba ọ̀hún lọ́wọ́ wọn. Ìlú tí ó ní ìjọba tirẹ̀, tí ó sì tètè rí ìmọ́lẹ̀ ìwé, kò lè máa gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn odi títí ayé kí ó tó lè kọ́ ọ. Ní ọdún 1908, ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Ẹ̀gbá dá Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta sílẹ̀. Orúkọ tí ó wà ní nọ́ńbà kìíní nínú ìwé orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ti Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì.

Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ní ọmọ àkọ́kọ́ tí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó gbà lọ. Ti Abẹ́òkúta kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ àkọ́kọ́ yìí padà wá di ọ̀gá àgbà, ó sì lo ọdún méjìlélógún lórí àga náà. Dáódù ni àkọ́bí ọkùnrin tí ń dúró bí olórí ilé nígbà tí bàbá kò bá sí. Kò sí orúkọ tí ó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ó tó padà dé, ó rìn jìnnà. Ní ọdún 1913 ó lọ sí Fourah Bay College ní Freetown, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó ń gba oyè láti Yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba oyè B.A. ní ọdún 1916. Kò tíì sí yunifásítì kan ṣoṣo ní gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà. Ìrìn-àjò ojú òkun yìí ṣe pàtàkì nínú ohun tí ó ṣe ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ yunifásítì dé iwájú òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó dé, ó kọ́ni fún ìgbà díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ CMS ní Èkó, lẹ́yìn náà ni ó di ọ̀gá àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1913. Ó lé ní ọdún méjìlá tí ó fi wà níbẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ síkáòtù sílẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin ìlú náà, ó sì rí i pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ń dá jà fún ara rẹ̀ ni, tí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe rẹ̀. Ní ọdún 1926 ó kó àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Irúgbìn NUT nìyẹn.

Ní oṣù kìíní ọdún 1925, ó fẹ́ Fúnmiláyọ̀ Thomas. Òun náà jẹ́ ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta, nítorí pé ní ọdún 1914 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí gba ọmọbìnrin, Fúnmiláyọ̀ sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọlé. Ó lọ kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1919 sí 1922, ó sì padà wá kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó jáde. Ọmọ mẹ́rin ni ó dàgbà nínú ìgbéyàwó náà: Dolúpọ̀, Olíkóyè, Fẹlá àti Bẹ́kọ̀.

Ọdún 1932 ni Dáódù padà sí Abẹ́òkúta gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà. Àṣà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà di olókìkí fún, lábẹ́ rẹ̀ ni ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ń kàwé pọ̀, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìjọ gbà pé ohun àìtọ́ ni. Èkejì ni pé kò sí ọmọ olówó tàbí ọmọ ọ̀gá níbẹ̀. Àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ ń jẹ ohun tí àwọn yòókù ń jẹ, ìyà tí ó bá sì tọ́ sí ọmọ ẹlòmíràn tọ́ sí wọn. Fẹlá kò gbàgbé pàṣán bàbá rẹ̀ títí ó fi kú.

Pàṣán ọ̀hún kò ṣeé fi pamọ́ nínú ìtàn yìí. Dáódù gbà pé ọmọ tí a kò bá nà kò ní gbọ́n, ó sì ń nà wọ́n dáadáa. Olùkọ́ òde òní tí ó ka ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀-ọkàn ọmọdé yóò lọ́ tìkọ̀ níbí yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ya Dáódù sọ́tọ̀ sí àwọn apàṣán ẹgbẹ́ rẹ̀: ọmọ tí a fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ láti rojọ́. Wọlé Ṣóyínká, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìdílé Ransome-Kútì, tí òun fúnra rẹ̀ sì kàwé níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lọ sí Government College ní Ìbàdàn ní ọdún 1946, ṣàpèjúwe irú ìgbẹ́jọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Aké, tí ó jáde ní 1981. Ọ̀gá yóò jókòó bí adájọ́, àwọn ọmọ yóò péjọ, ẹlẹ́ṣẹ̀ yóò sì fi gbogbo ọgbọ́n orí rẹ̀ gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí àwíjàre bá dùn létí ọ̀gá, inú rẹ̀ a máa dùn sí i. Ọmọ tí ó gba ibẹ̀ kọjá kọ́ pé àṣẹ wà, ó sì kọ́ pé a lè bá aláṣẹ jiyàn. Akéwì tí ó wá fi òkè Ìdànrè pe àkójọ ewì rẹ̀ ní ọdún 1967 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Òun fúnra rẹ̀ ń bá aláṣẹ jiyàn. Ní oṣù keje ọdún 1931, nígbà tí ó ṣì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Èkó àti ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú pa pọ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn di NUT. Ọwọ́ dáwó kárí ayé nígbà náà, ọjà kòkó sì ti wó lulẹ̀. Owó oṣù olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kò tó ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kò ní owó ìfẹ̀yìntì bíi tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Dáódù jẹ́ àlùfáà ìjọ kan náà tí ó gba àwọn olùkọ́ wọ̀nyí síṣẹ́. Kò rọrùn fún un láti dúró níwájú àwọn ọ̀gá ìjọ kí ó máa bèèrè owó fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ó dúró. Ọdún méjìlá kọjá kí ẹgbẹ́ náà tó ní akọ̀wé àgbà tí ó fi iṣẹ́ ẹgbẹ́ ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ìyẹn Eyo Ita Esua, ní ọdún 1943. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn tí ń kọ́ni ní ọ̀sán ni ń kọ lẹ́tà ẹgbẹ́ ní alẹ́.

Ọdún 1943 kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn án sínú ìgbìmọ̀ tí Walter Elliot ṣe alága rẹ̀, láti wádìí bí a ó ṣe dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́rìnlá ni wọ́n, mẹ́ta péré ni ọmọ Áfíríkà. Òun ni ti Nàìjíríà. Nígbà tí àbọ̀ jáde ní ọdún 1945, ìgbìmọ̀ ti pín sí méjì. Mẹ́sàn-án sọ pé kí a dá mẹ́ta sílẹ̀, ní Nàìjíríà, ní Gold Coast àti ní Sierra Leone. Márùn-ún sọ pé ọ̀kan ṣoṣo, ní Ìbàdàn, ti tó. Dáódù àti àwọn ọmọ Áfíríkà méjì yòókù wà lára àwọn mẹ́sàn-án. Ìbàdàn wà nínú àbá méjèèjì, nítorí náà kò sí ohun tí Nàìjíríà yóò pàdánù bí ó bá tẹ̀ lé àwọn márùn-ún. Ẹni tí ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Freetown nítorí ìwé ni kò fẹ́ kí ọmọ Freetown tún máa wọ ọkọ̀ bọ̀ wá sí Ìbàdàn. Ní ọdún 1948, University College Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Gold Coast pẹ̀lú ní tirẹ̀ ní ọdún kan náà.

Ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́ ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ mìíràn ti ń hó. Fúnmiláyọ̀ ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà, wọ́n sì ń sọ fún un bí wọ́n ṣe ń gba owó orí àti ọjà lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ ọlọ́lá obìnrin tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ yí padà di Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1947 àti 1948, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin tú jáde lọ sí ààfin Aké, títí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ọkọ mìíràn ì bá ti ro ti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ti ọba ìlú àti ti àwọn ọlọ́lá tí ọmọ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì pe ìyàwó rẹ̀ sínú ilé. Dáódù kò pè é. Gbogbo ìgbà tí ìjà náà fi gbóná ni ó fi wà lẹ́yìn rẹ̀. Aláké padà sórí ìtẹ́ ní òpin ọdún 1950, ṣùgbọ́n ìjọba ti fagi lé owó orí àwọn obìnrin kí ó tó dé.

Ara rẹ̀ kò le mọ́ ní ọdún 1954 tí ó fi iṣẹ́ ọ̀gá àgbà àti ipò ààrẹ NUT sílẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àìmọye ọmọ sì rọ́ wọ kíláàsì jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, títí dé orí àwọn òkè Ìdànrè. Dáódù kú ní oṣù kẹrin ọdún náà, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Olíkóyè di dókítà àwọn ọmọdé, ó sì ṣe mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992. Bẹ́kọ̀ náà di dókítà, ó sì lọ sẹ́wọ̀n nítorí ìjà ìjọba tiwa-n-tiwa. Fẹlá kọ orin. Fúnmiláyọ̀ gbé títí di ọdún 1978. Ìdí-Abà ni ilé-ẹ̀kọ́ náà wà lónìí.